Olè Tó Fi Àánú Gé Irin

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ẹni tó ń dáná fún àwọn ọlọ́pàá ní àgọ́ wọn, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, títí omijé fi bọ́ sínú abọ́ tó ń fọ̀. Ó ní ariwo mọ́tò agbẹ̀bí ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Agbẹ̀bí ti gbé mọ́tò rẹ̀ sí ọgbà mẹkáníìkì lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n bá a tún bíréèkì ṣe. Ó wá gbé e láàárọ̀, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò tí ohùn rẹ̀ kì í ju ti ológbò tó ń sùn lọ bú bíi kìnnìún tí wọ́n tẹ̀ nírù. Àwọn adìyẹ fò gun ògiri. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ lódìkejì ju ìgbálẹ̀ nù, ó sá wọlé. Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ mọ́tò. Nígbà tó máa jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mà, wọ́n ti gé agolo èéfín yín lọ."

Wọ́n wá agolo náà káàkiri. Ẹ̀yìn ahéré tí mẹkáníìkì ń kó irinṣẹ́ sí gan-an ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ páànù àtijọ́. Wọ́n ti là á sí méjì bí ẹni la àgbọn, inú rẹ̀ sì ṣófo. Géètì ọgbà ò ní ju kọ́kọ́rọ́ kan lọ, àpò mẹkáníìkì ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà. Kí oòrùn tó mú, ọmọkùnrin náà ti wà látìmọ́lé.

Bẹ́ẹ̀ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìgbéyàwó rẹ̀.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan wà ní àgọ́ náà, obìnrin kúkúrú tó ń rìn bí ẹni tí ọ̀nà ń dùn mọ́. Alákàn ni wọ́n ń pè é. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti obìnrin yìí yàtọ̀ díẹ̀: ibi tó bá kọjú sí kọ́ ló máa ń wò.

"Alákàn, ọ̀rọ̀ yìí ò le," ni ọ̀gá àgọ́ wí. "Ọgbà rẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, ẹ̀yìn ahéré rẹ̀ la ti bá ẹrù. Tó bá di ọ̀sán, kóòtù ni. Adájọ́ á sì ní kó lọ dúró ní ọgbà ẹ̀wọ̀n di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ìgbéyàwó ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ṣé èmi ni mo ní kó jalè kó tó gbéyàwó ni?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Di ọ̀sán."

"Ọ̀sán tó gùn ni kẹ́ ẹ fún mi o."

Ọ̀gá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ lé e dànù bí ẹni lé eṣinṣin.

*

Alákàn gbé àpótí jókòó síwájú irin àtìmọ́lé. Mẹkáníìkì ti fi orí lé orúnkún.

"Gbórí sókè, ọkọ ìyàwó. Mi ò mọ mọ́tò. Wíwọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n wọ̀. Kí ló wà nínú agolo yẹn tí ẹnìkan fi máa fi àyà fà lọ sábẹ́ mọ́tò nítorí rẹ̀?"

Bí ó ti bèèrè báyìí, ojú ọmọkùnrin náà là. Ó wà látìmọ́lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí dùn mọ́ ọn.

"Mà, èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, májèlé ni. Wọ́n wá gbé agolo yìí dínà dè é. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, amọ̀ líle ni wọ́n fi ṣe é. Irin mẹ́ta kan ni wọ́n wá fi ra afárá yẹn lára: pilátínọ̀mù, paládíọ̀mù, ródíọ̀mù. Wọ́n ṣọ̀wọ́n láyé, Mà. Wọ́n lè wú ilẹ̀ tó kún ilé yìí kí wọ́n tó rí èyí tó kún èékánná. Bí májèlé bá ti fara kan irin yìí pẹ́rẹ́, ó ti yí padà nìyẹn, kò ní í lè pa èèyàn mọ́."

"Irin náà kì í wá tán?"

"Ẹwà rẹ̀ nìyẹn! Alárenà ni. Ẹ mọ alárenà, á so ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin, wọ́n á di tọkọtaya, òun á sì padà sílé rẹ̀ bó ṣe wá. Irin yìí ò bá wọn jóná, kì í dípẹtà, ooru ẹ́ńjìnnì ò rí i gbé ṣe. Ẹ wo ẹnu plọ́ọ̀gì náà, níbi tí iná ti ń ta. Bó bá jẹ́ irin lásán ni, iná á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ. Àwọn tó dára, irídíọ̀mù, ìbátan àwọn irin mẹ́ta yẹn, ló wà lẹ́nu wọn. Wọ́n lè ṣe é kó tín bí abẹ́rẹ́, iná ò ní í rí i jẹ bọ̀rọ̀."

"Ta lo ti sọ èyí fún?"

"Ta ni mi ò tíì sọ ọ́ fún? Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó lórí bẹ́ńṣì mi ti gbọ́ ọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó wọ́n ju wúrà lọ. Ìyàwó mi ní tí mo bá tún sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun á sá lọ."

Alákàn rẹ́rìn-ín. "Irin tó wọ́n ju wúrà yìí, ṣé èèyàn lè fojú rí i?"

"Ojú wo, Mà? Bí ẹ bá mí sára gíláàsì, ìkùukùu tó máa hù níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn jù ú lọ."

Alákàn ń jáde lọ nígbà tó pàdé bàbá ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá yìí, arúgbó tó mọ́ tónítóní, tí dígí kékeré kan máa ń rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó gbé oúnjẹ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé búrẹ́dì àti ẹyin wá fún un láìpẹ́ yìí. Ikùn kan ṣoṣo ló ní o."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ebi ò gbọdọ̀ pa á. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo fi orí mi búra!"

"A ó wádìí rẹ̀, Bàbá."

"Ẹ tètè wádìí rẹ̀ o," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó rántí nǹkan, ó ní: "Àmọ́ ẹ má kánjú jù."

Alákàn rò ó sí ìfẹ́ àna. Ó ti rí bàbá ìyàwó tí kì í kí ọkọ ọmọ rẹ̀ rí. Èyí tó ń gbé ẹyin kiri yìí wù ú.

*

Nínú ọgbà, agbẹ̀bí ń rìn yí mọ́tò rẹ̀ ká bí ẹni tó ń ṣọ́ aboyún. Alákàn tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sùn gbalaja, ó wọ abẹ́ mọ́tò.

Ó rí ibi tí wọ́n ti gé ọ̀pá èéfín. Ó na ìka sí i jẹ́jẹ́, nítorí ẹnu irin tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé a máa gé èèyàn bí abẹ. Kò gé e. Ìka rẹ̀ yọ̀ lára rẹ̀. Ó fi í yípo, nínú, lóde. Ẹnu ọ̀pá náà dán bí ẹnu ife tí wọ́n fi ń mu tíì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́ mọ́tò.

"Kí lẹ rí?" ni agbẹ̀bí bèèrè.

"Mo rí olè tó láàánú. Ẹ nawọ́ wá. Ẹ fọwọ́ pa á lára."

Agbẹ̀bí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára. "Hẹn-ẹn? Ó dán ju bẹ́ẹ̀dì tí mo fi ń gbẹ̀bí lọ!"

"Ó fi ayùn tó tín gé e. Lẹ́yìn náà ló mú fáìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ, ó wá fara balẹ̀ dán an. Olè wo ló ń jalè tán tí í dúró tún ibi tó jà ṣe?"

Ó mú agolo tí wọ́n là jáde nínú àpò rẹ̀. Orí méjèèjì agolo náà dán bákan náà. Ohun tí olè fẹ́ jù nù pàápàá, ó dán an kó tó jù ú nù.

Bí Alákàn ṣe ń gbọn eruku ara rẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn kékeré kan lára ògiri ẹ̀yìn.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn?" ni agbẹ̀bí dáhùn. "Ìyẹn ò já síta. Mẹkáníìkì ló yọ ọ́ fún àna rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri, kí bàbá lè máa gba ibẹ̀ wá pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ilé ni."

"Ilé ni," ni Alákàn tún sọ, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà àna, ta ló ń kà á mọ́ ọ̀nà olè? Òun náà ò kà á.

*

Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Jẹrinjẹrin ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ó ti rí Alákàn ló ti ń lọ́ ara rẹ̀.

"Màmá, kí n tó gbọ́ ohunkóhun, èmi kọ́."

"Kí ni kì í ṣe ìwọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá wá bèèrè."

Agolo èéfín kún igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Alákàn fojú ka gbogbo wọn, ó sì ń rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Ó gbé ọ̀kan, ó sì tètè jù ú sílẹ̀: ẹnu rẹ̀ rí jágajàga bí eyín ajá, ó ti ha á lọ́wọ́. Ó gbé òmíràn. Bákan náà ni. Ó wo ọwọ́ Jẹrinjẹrin. Kò sí ìka kan tí kò ní àpá.

"Ìwọ kì í dán ẹnu wọn ni?"

"Ẹnu kí ni?" Jẹrinjẹrin wò ó bí ẹni tí oòrùn pa. "Màmá, irin àlòkù ni, kì í ṣe ìyàwó tuntun."

Alákàn fi agolo tí wọ́n là hàn án. Ọkùnrin náà yẹ inú rẹ̀ wò, ó lọgun.

"Yéè! Ta ló hu ìwà yìí? Inú rẹ̀ dà?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ bi."

"Èmi? Bí mo bá gé e, odidi ni mo máa gbé! Amọ̀ inú rẹ̀ ni ọjà o, Màmá. Páànù ara rẹ̀, n ò lè fi ra epo ẹyọ àtùpà kan. Ta ló ń la agolo báyìí, tí amọ̀ inú rẹ̀ á fi fọ́ dànù? Ẹni tó ṣe èyí kò mọ ohun tó jí!"

Ó mú àfọ́kù amọ̀ kan látinú àpò, ó gbé e lé Alákàn lọ́wọ́. Ó funfun bí eérú, ihò wẹ́wẹ́ ló kún un. Alákàn tẹ̀ ẹ́, ó rún díẹ̀, ó dún *kẹ́rẹ́*.

Ó ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Àárọ̀ yìí ló gbọ́ ọ, lábẹ́ bàtà rẹ̀, nígbà tó ń gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sí ọgbà mẹkáníìkì.

Kò dágbére fún Jẹrinjẹrin. Ó padà síbẹ̀ kíákíá. Ààtàn kékeré kan ni, níbi tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń da eérú sí. Ó fi igi tú u. Afárá náà wà níbẹ̀, wọ́n ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n ti dà á nù pẹ̀lú èédú.

Alákàn dúró lórí ààtàn, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì mọ̀ pé amọ̀ yìí ni ohun tó níyì. Kò jẹ́ dà á nù láéláé. Jẹrinjẹrin mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ẹni tó jí i ti gbọ́ pé irin tó wọ́n ju wúrà wà nínú agolo, kò gbọ́ pé ojú ò rí i. Irin tó ń dán ló ń wá. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni náà mọ irin bí ìyá ṣe mọ ara ọmọ rẹ̀. Ta ló mọ irin tó báyìí tí kò mọ mọ́tò rárá?

Ó gbé ojú sókè. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ló dáhùn. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí àwọn ẹyin yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín gbé e.

*

Alágbẹ̀dẹ wúrà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣe nǹkan kan. Alákàn wọlé pẹ̀lú ọ̀pá idẹ kan tó yá lọ́wọ́ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi gé e díẹ̀. Ọ̀pá kọ́tìnì ni, ó gùn jù."

Inú bàbá dùn pé òun rí iṣẹ́ ṣe. Ó mú ayùn tín-ín-rín, ó gé e. Kò tíì gbé ayùn sílẹ̀ tán tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti mú fáìlì. Ó dán ẹnu ọ̀pá náà lóde, ó dán an nínú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi àtàǹpàkò pa á lára.

"Bàbá, gígé ni mo ní kẹ́ ẹ gé e."

"Kí n wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó fa ọwọ́ yín ya? Bàbá tó bí mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní ẹnu irin tí mo bá gé, ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè fi í sẹ́nu."

Alákàn gbé agolo èéfín lé orí tábìlì.

"Èyí náà, Bàbá. Ọmọ ọwọ́ lè fi í sẹ́nu."

Bàbá wo agolo. Ó wo Alákàn. Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alákàn da àfọ́kù afárá sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. "Ẹ̀yin lẹ da èyí náà nù?"

"Amọ̀ tó jóná ni," ni bàbá wí. "Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé lóru, mo gé e, mo là á, mo wá irin náà, wíwá ni mo wá a tì. Mo ju páànù náà síbi tí páànù wà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa fi mú ọmọ ọlọ́mọ."

"Bàbá, amọ̀ yìí ni irin náà. Wọ́n fi ra á lára ni."

Bàbá gbé dígí sójú, ó mú àfọ́kù kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ kó tó gbé dígí sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Alákàn rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ni.

"Láti kékeré ni mo ti ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo ń yọ́ ìdọ̀tí rẹ̀, kí eruku wúrà má bàa ṣègbé. Eruku! Mi ò da ọ̀kan nù rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ohun tó ju wúrà lọ wọlé mi, mo gbé e lọ sí ààtàn!"

Alákàn náà ò lè dá ara rẹ̀ dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí télọ̀ fi yọjú wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Alákàn nu ojú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"Òrùka. Gbogbo ìyàwó ìlú yìí, èmi ni mo ṣe tiwọn. Ọmọ mi kan ṣoṣo wá fẹ́ relé ọkọ, kí n tún fún un ní wúrà tí mo ti fún gbogbo ayé? Ọkọ rẹ̀ ní irin kan wà tí kì í dípẹtà, tí iná ò rí i jẹ. Mo ní, ìyẹn ló yẹ wọ́n. Mo rò pé mọ́tò á ṣì máa rìn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ó ń rìn, Bàbá. Ó kàn ń pariwo ni."

"Nígbà tí wọ́n mú un, mo rò pé ẹ máa fi í sílẹ̀ kí n tó gbé àwo ẹyin padà dé ilé. Ẹ ò fi í sílẹ̀. Ìtìjú wá dí mi lẹ́nu. Àna rẹ̀ ni mí! Kí ni mo fẹ́ dúró wí?" Ó ti dìde, ó ti ń wá fìlà. "Ẹ jẹ́ ká lọ, kí n tó tún ṣojo."

*

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́, mọ́tò kóòtù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó, ẹni tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin, jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ojú rẹ̀ ti wú. Agbẹ̀bí náà ti dé. Wọ́n ti mú mẹkáníìkì jáde. Bàbá ò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lójú wọn, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ṣebí mo sọ fún yín pé ojú ò rí i?"

"Ibi tó o ti ní ó wọ́n ju wúrà ni etí mi ti di."

Ọlọ́pàá kan bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá sì fojú lé e wọlé. Ìyàwó dìde síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ta ló bẹ̀ yín ní òrùka? Ẹ fẹ́ fún mi ní irin, ẹ wá gba ọkọ lọ́wọ́ mi!"

Bàbá ti fẹ́ kúnlẹ̀. Mẹkáníìkì fò dì í mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Ṣé o ṣì máa fẹ́ ọmọ mi?"

"Ọmọ yín ni mo fẹ́. Ẹ̀yin wà nínú ẹrù tó ń gbé bọ̀."

Ọ̀gá wúkọ́. Ó ní ọmọkùnrin yìí lè máa lọ, ṣùgbọ́n olè ni olè ń jẹ́. Bàbá máa fojú kan adájọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àfi tó bá rí onídùúró ni kò fi ní í sun àgọ́ lónìí.

"Èmi á ṣe onídùúró rẹ̀," ni agbẹ̀bí wí.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tó jà lólè?"

"Mo mọ ibi tí mo ti lè rí i mú. Agolo ni mo fẹ́ gbà."

"Ẹ yọ tèmi!" ni bàbá ké, ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lé orí tábìlì. "Mọ́tò mi àti tirẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ yọ ọ́ fún un."

"Bàbá, mọ́tò yín á máa bú o," ni Alákàn wí. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó pàápàá."

"Kó máa bú. Gbogbo ìlú á mọ̀ pé bàbá ìyàwó ń bọ̀."

Àgọ́ gbọ̀n fún ẹ̀rín. Àárín ẹ̀rín náà ni fóònù agbẹ̀bí dún. Ó gbọ́ ọ, ó ní, "Ó ti ń rọbí? Ẹ ní kó máa mí," ó sì wo mẹkáníìkì.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bàbá wà lórí tábìlì. Mẹkáníìkì gbé e, ó jáde lọ yọ agolo náà fún mọ́tò agbẹ̀bí.

"Bàtà rẹ!" ni ìyàwó ké, nítorí bàtà ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́yìn káńtà.

"Bẹ́líìtì rẹ ńkọ́?" ni ọlọ́pàá kan lọgun.

Alákàn gbé bàtà náà, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Mẹkáníìkì ti dé kọ́nà, láìwọ bàtà, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, kò sì wẹ̀yìn wò.